Igbe Ọmọdé Kì Í Ṣe Àmì Emèrè

Bí ọmọ ọdún 2 bá wó lulẹ̀, tó ń kígbe, tó sì kọ oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ béèrè, àwọn òbí kan a yára pè é ní emèrè. Èyí kò tọ́. Ọmọ náà mọ ohun tó fẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì lè sọ ọ́ tán.

Ìbínú òbí kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Àkọsẹ̀jayé ni Ifá fi ń sọ irú orí tí ọmọ yàn àti èèwọ̀ rẹ̀. Orúkọ burúkú tí a bá fi ìbínú sọ ọmọ a máa bá a dàgbà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìwà pẹ̀lẹ́ tó bá rí lọ́wọ́ wa ni yóò kọ́.

Àbọrú, àbọyè.