Fíláàṣì tó ń dójú ti oníkíbọ́ọ̀dù lóde àríyá

Bí ẹ bá dé òde àríyá lálẹ́ Sátidé, tí àwọn onílù ti jókòó, tí ọ̀gá akọrin ti di maíìkì mú, tí oníkíbọ́ọ̀dù wá ń tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tó gba ìwé ilé ẹjọ́, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Fíláàṣì ló kọ̀ tí kò ṣí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ṣí lórí kọ̀ǹpútà nílé o."

Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ó ṣí lórí kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Korg Triton jáde ní 1999, dískẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, 1.44 MB péré ló sì ń gbà. Lónìí, fíláàṣì tí kò ju èékánná lọ lè gba ohùn gángan, ohùn fèrè, àti gbogbo sítáìlì jùjú àti fújì tí èèyàn fi ọdún mẹ́wàá kó jọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun nìyẹn, inú àpò ṣòkòtò ni wọ́n sì ń jù ú sí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti owó ọkọ̀!

Kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú wọn, fíláàṣì tí wọ́n bá fọ́ọ̀mátì sí FAT32 ni wọ́n mọ̀. Èyí tó bá sì ti tó 64 GB sókè, exFAT ló sábà máa ń wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Windows náà kì í gbà kéèyàn fọ́ọ̀mátì ohun tó ju 32 GB lọ sí FAT32 bó ṣe máa ń fọ́ọ̀mátì èyí tó kù. Ẹni tó ra 128 GB láti fi ṣe fáàrí wá ń wò bọ̀ọ̀, ẹni tó mú 16 GB tirẹ̀ wá ti ń gbá sítáìlì lọ. Inú kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ibòmíràn o, nítorí gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́.

Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ náà ṣe pàtàkì. Lára Yamaha, èyí tí wọ́n kọ TO HOST sí, ti okùn kọ̀ǹpútà ni. TO DEVICE ni ti fíláàṣì.

Àwọn kan tilẹ̀ ti kúrò ní fíláàṣì, háàdì dísíkì ni wọ́n ń gbé kiri. Yamaha kọ ọ́ sínú ìwé PSR-SX900 pé agbára ihò yẹn kò ju 5 volt àti 500 milliamp lọ, àti pé ohun tó bá ń fa iná jù bẹ́ẹ̀ lè ba kíbọ́ọ̀dù jẹ́. Háàdì míì á kùn díẹ̀, á sì dákẹ́. Ẹni tí kò bá ka ìwé á ní ayé ló ń ṣe òun.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn máa séèfù iṣẹ́ lóde àríyá. Wọ́n ti tẹ séèfù, ẹ̀rọ ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ni ọmọ tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ bá lọ pa á kó lè da epo sí i. Tàbí kí oníkíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ fa fíláàṣì yọ nítorí pé ọkọ̀ ti fẹ́ lọ. Nígbà tó bá di Sátidé kejì, fáìlì ti bàjẹ́, gángan ò dún mọ́. Ilé ló yẹ kí wọ́n ti séèfù, ní ọ̀sán, kí wọ́n sì ní ẹ̀dà míì nínú kọ̀ǹpútà àti nínú fíláàṣì kejì.

Àwọn ọ̀gá akọrin tójú wọn ti rí i rí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra mọ́ kí wọ́n tó bèèrè: "Èkejì ńkọ́?"