Òfin Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní Tchetti, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, láàárín àwọn Ewe, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní trokosi. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, ìdílé rẹ̀ a mú ọmọbìnrin kékeré lọ sí ilé òrìṣà, láti fi ṣe ètùtù. Ọmọ náà kò mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni yóò dàgbà sí. Yóò máa roko fún olórìṣà. Kò ní lọ sí ilé ìwé.

Ní ọdún 1998, ìjọba Gánà fi òfin de àṣà yìí. Ẹni tí ó bá rú òfin náà yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n, kò ní dín ní ọdún 3.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Obìnrin tí ó ti dàgbà kí ó tó jáde lè má mọ ìwé, kí ó má sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí àwọn ará ilé bá tún ń sá fún un, níbo ni yóò gbà? Ní Adidome, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti kọ́ irú wọn ní iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí ó yẹ nìyẹn.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé àṣà baba ni. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún àṣà. Ṣùgbọ́n ṣé ó tọ́ kí ọmọ aláìṣẹ̀ máa san gbèsè ẹlẹ́ṣẹ̀?

Bí obìnrin tí a ti há mọ́ ibì kan bá wọ kíláàsì yín, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ fi bí a ti ń kọ orúkọ hàn án.