Ta Ló Mọ Orúkọ Wọn?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí mo bá ní kí ẹ dárúkọ agbábọ́ọ̀lù Super Falcons márùn-ún, kíá lẹ máa kà wọ́n tán. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo tó ń ṣèwádìí fún ìjọba ńkọ́? Ẹ ti dákẹ́!

Ní oṣù Keje 2025, lẹ́yìn tí Super Falcons gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá, Ààrẹ Tinubu kéde $100,000 fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé oníyàrá mẹ́ta àti oyè OON. Ó tọ́ sí wọn. Yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe òmíràn.

Àmọ́ ẹ wo CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, ní Ìdí-Ayùnrẹ́, n'Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ló mú irúgbìn kòkó TC1 dé TC8 jáde, èyí tó ń tètè so ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n á fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi kan sára ti òmíràn, wọ́n á gbin èso rẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ bóyá àrùn á mú un. Ọ̀pọ̀ ọdún niṣẹ́ náà. Kòkó ò mọ ìkánjú. Bẹ́ẹ̀ kòkó yìí náà ni owó rẹ̀ kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀!

Kí wá ni èrè wọn? ASURI, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ìjọba, ti daṣẹ́ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí owó oṣù àti àjẹmọ́nú. Lóòótọ́, ìjọba ní oyè NNOM fún àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti gbọ́ ọ rí? Ẹ̀bùn Nigeria Prize for Science tó jẹ́ $100,000, iléeṣẹ́ gáàsì NLNG ló ń gbé e kalẹ̀. Tí èèyàn mẹ́ta bá sì jọ jẹ ẹ́, wọ́n á pín in ni.

Àwọn kan á ní bọ́ọ̀lù ló ní òǹwòran, sáyẹ́ǹsì ò ní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ kú sóko ò lè fi ife-ẹ̀yẹ san owó iléèwé ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè ò pọ̀. Kí ìjọba san owó oṣù tó ṣeé gbọ́ bùkátà, kó sì san án lásìkò. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe irúgbìn sára àpò irúgbìn. Kí wọ́n máa rán àwọn onímọ̀ yìí wá sí iléèwé bíi tiwa, ká rí wọn.

Ibi tí wọ́n bá ti ń yin èèyàn lọmọdé ń sáré lọ. Àwa tá a wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì ń wò o. Tí ẹnikẹ́ni ò bá yin àwọn tó wà níbẹ̀, ta ló máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn?