Èébú Létí Ọmọdé ní Pápá Bọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, kì í sì í ṣe ti owó ọjà tí ó gbówó lórí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí a ń wí, kí ó lọ sí ibi tí wọ́n gbé ń gbá bọ́ọ̀lù ní òpin ọ̀sẹ̀, ìbáà ṣe pápá ńlá bí ti Adámásingbà ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe pápá ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní koríko, ìbáà sì ṣe ilé ìwòran onípáànù tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó wọlé láti wo Arsenal àti Chelsea. Kí ó gbàgbé bọ́ọ̀lù fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó kàn tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó bojú wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí ojú àgbàlagbà kì í sábà dé. Yóò rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó di ọwọ́ baba rẹ̀ mú. Yóò rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n gun orí ògiri nítorí pé wọn kò ní owó ìwọlé. Yóò rí ọmọbìnrin tí ó gbé omi inú ọ̀rá sórí, tí ó ń kiri láàárín àwọn èrò. Gbogbo wọn ni wọ́n ń gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ariwo ni a bá wí. Eré tí a kò pariwo níbẹ̀ kì í ṣe eré, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́, kí ó jókòó sí ilé rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kígbe pé aṣọ́lé ti sùn lọ, tàbí pé ìyàwó rẹfirí kò fún un ní oúnjẹ kí ó tó jáde nílé ni ojú rẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀fẹ̀ ni, àwa pàápàá a rẹ́rìn-ín sí i. Èyí tí ó ń dùn wá ni èyí tí kò ní ẹ̀rín nínú. Ọmọ ogún ọdún kan gbá bọ́ọ̀lù fo òpó. Lẹ́sẹ̀ kan náà ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun dìde, ó pè é ní olóríburúkú, ó pè é ní ọmọ àlè, ó sì tẹ̀ síwájú dé ara ìyá tí ó bí i, dé ibi tí a kò lè kọ sínú ìwé tí ọmọ yín lè kà.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹyọ kan wò nínú wọn. Ọmọ àlè kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ní èdè wa. Ohun tí ó ń wí ni pé ìyá ẹni ṣe panṣágà, pé ẹni tí à ń pè ní baba ẹni kọ́ ni baba ẹni, pé onítọ̀hún kò sì ní ìpín nínú ilé tí ó ti ń jẹ tí ó ti ń mu. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Àwọn baba wa kì í fi í ṣeré. Ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín agboolé méjì, kí ó di ohun tí àwọn àgbà yóò jókòó lé lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Orí burúkú ńkọ́? Àwa tí a gbà pé orí ni ẹni kọ̀ọ̀kan yàn wá sáyé, tí a ń tọrọ lójoojúmọ́ pé kí orí ẹni má gbàbọ̀dè, àwa náà ni a ń sọ ọ́ lu ọmọ ọlọ́mọ bí òkò nítorí bọ́ọ̀lù kan tí kò wọ àwọ̀n.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò ní: “Ṣé ìlú tí ó ń ṣe Òkèbàdàn ni yóò máa bá wa wí nítorí èébú?” Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní sá fún un. Lóòótọ́ ni pé ní ọjọ́ Òkèbàdàn, nínú oṣù March, tọmọdé tàgbà ní ń kọrin tí ó ń dárúkọ ohun tí aṣọ ń bò, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ bínú, ì báà jẹ́ ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí àwọn àgbà dá sí i. Wọ́n fún un ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún. Wọ́n fi orin gbé e, wọ́n sì fi ìbọ dì í mú. Kò sí ẹni tí ó dá nìkan ru èébú náà. Gbogbo ìlú ni ó ń bú gbogbo ìlú. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́ ní ọjọ́ kejì, ọmọ tí ó bá tún gbé orin náà sẹ́nu níwájú ìyá rẹ̀ yóò jẹ ìgbátí. Bákan náà ni ẹ̀fẹ̀ tí ó ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu: ó ní òru tirẹ̀, ó ní ẹni tí ó ń kọ ọ́, ó sì ní ìdí tí a fi ń kọ ọ́. Ọmọ tí ó dàgbà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ méjì pọ̀: ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, ó sì mọ ibi tí ààlà rẹ̀ gbé wà. Bọ́ọ̀lù kò ní ààlà. Sátidé yìí ni, Sátidé tí ń bọ̀ ni, àárín ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú bí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù bá bọ́ sí i. Kò sì sí ẹni tí ó ń sọ fún ọmọ náà pé ilẹ̀ ti mọ́.

Kí ni ó mú kí ẹnu wa le tó báyìí? Bí a óò bá sọ òtítọ́, owó wà nínú rẹ̀. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun tuntun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ni ó ta púùlù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta púùlù, nílé ni ó jókòó pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tí ó ń dúró de èsì. Kò rí ẹsẹ̀ ẹni tí ó bà á jẹ́. Ẹni tí ó wà ní ilé ìwòran lónìí, tẹlifóònù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi owó oúnjẹ ilé lé e, ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ rí aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú rẹ̀, aṣọ́lé náà kì í ṣe ẹni tí ó ṣe àṣìṣe mọ́ bí kò ṣe olè tí ó jí i lówó. A kì í sì í fi ọ̀wọ̀ bá olè sọ̀rọ̀.

Owó kan náà ti wọ inú eré àwọn ọmọdé fúnra wọn, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ká wa lára jùlọ. Ìtàn Victor Osimhen kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ó ta omi inú ọ̀rá fún àwọn ọlọ́kọ̀ lójú pópó Èkó, ó gbá góòlù 10 nínú ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2015, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jùlọ ní Áfíríkà fún ọdún 2023. Ìtàn rere ni. Ṣùgbọ́n ó ti mú kí àwọn baba mìíràn máa wo ọmọ ọdún mẹ́wàá bí ẹni ń wo oko kòkó. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń figagbága ní òwúrọ̀ Sátidé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń pariwo lápá ọ̀tún, àwọn baba ń pariwo lápá òsì, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu. Bọ́ọ̀lù bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ kan. Dípò kí ó sáré tẹ̀lé e, ojú baba rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ó bá ti rí ìwò yẹn rí, kò lè tètè gbàgbé rẹ̀. “Dìndìnrìn! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?” Ohun tí baba náà fi dá a lóhùn nìyẹn, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kíá ni yóò tì í sí ẹlòmíràn, nítorí pé ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ kò lè ṣàṣìṣe. Baba tí ó ń wá Osimhen ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa bẹ̀rù bọ́ọ̀lù.

Ẹni tí ó sì ń fọn fèrè ní irú eré bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kan ni, tàbí ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ ń wo bí baba wọn ti ń bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá wọ kíláàsì ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n sì bá olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀ bákan náà, baba kan náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé ọmọ ayé ìsinsìnyí kò ní ẹ̀kọ́.

Òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò fi ojú kékeré wo nǹkan yìí. Òfin kejìlá wí pé agbábọ́ọ̀lù tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ èébú yóò gba káàdì pupa, yóò sì jáde. Láti ọdún 2019, rẹfirí lè fi káàdì han akọ́nimọ̀ọ́gbá náà. Ẹ wo bí ó ti rí: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbóná, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ní ìpá, òfin ní kí ó kó ẹnu rẹ̀ ní ìjánu, àgbàlagbà tí ó jókòó, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, òun ni ó ń sọ ohun tí ó wù ú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ eré náà lọ́wọ́ wọn ti rí irú rẹ̀, bóyá èyí tí ó burú ju tiwa lọ. Ní 1991 wọ́n ṣe òfin pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn máa kọ orin ìbàjẹ́ tàbí ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbi ìdíje bọ́ọ̀lù. Ní 2008 ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Respect, èyíinì ni ọ̀wọ̀. Wọ́n ní kí ó jẹ́ pé balógun ẹgbẹ́ nìkan ni yóò máa bá rẹfirí sọ̀rọ̀ lórí ìdájọ́ rẹ̀. Ní eré àwọn ọmọdé, wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ pápá sọ́tọ̀, wọ́n ta nǹkan dí i, àwọn òbí sì ń dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kò pa èébú run, a rí ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù July 2021, ní Wembley, Bukayo Saka, ọmọ ọdún 19 tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, pàdánù pẹ́náritì nínú àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù tí England bá Italy gbá. Kíá ni wọ́n rọ òjò èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé e lórí, òun pẹ̀lú Marcus Rashford àti Jadon Sancho. Ó dun gbogbo wa nílé, a sì ní àwọn òyìnbó náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó dára. Ní ọjọ́ 11 oṣù February 2024, ní Abidjan, Ivory Coast fi góòlù 2 sí 1 na Nàìjíríà nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Èébú tí àwọn ènìyàn wa rọ̀ lé Alex Iwobi lórí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram, tí Ahmed Musa, balógun ẹgbẹ́ náà, sì ní láti bẹ̀ wá pé kí a dẹ́kun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara, a gbà. Èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní òórùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ àánú wa lórí Saka, òun náà ni ó gbọ́ èpè wa lórí Iwobi, kò sì tí ì pé ọdún mẹ́ta láàárín méjèèjì. Èwo ni kí ó gbà gbọ́ nínú wa?

Ẹni tí ó ni ilé ìwòran ní agbára ju bí ó ti rò lọ. Òun ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ni ilẹ̀kùn. Bí ó bá ń pa àwòrán náà fún ìṣẹ́jú kan péré nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá bú ìyá agbábọ́ọ̀lù, kò ní láti sọ̀rọ̀ rárá: àwọn èrò yòókù ni yóò pa onítọ̀hún lẹ́nu mọ́.

Ní pápá ńlá, ẹ̀yin onílù àti ẹ̀yin tí ń fọn kàkàkí fún àwọn alátìlẹ́yìn ni a bẹ̀. Ẹnu tí ń kọrin kò ráyè èébú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ń fìdí rẹmi ni ìlù máa ń dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn gan-an ni èpè sì ń gbà wọlé. Shooting Stars, tí wọ́n ń jẹ́ IICC nígbà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn tí ó gba ife ní ilẹ̀ wọn ní 1976, ní orin tí ó tó fún ọjọ́ ìṣẹ́gun àti ọjọ́ ìpàdánù. Ẹ lù ú nígbà tí kò bá dùn mọ́ yín. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń tà lẹ́bàá pápá náà mọ ohun tí a ń wí: pápá tí ìyá kò lè mú ọmọ rẹ̀ lọ ti lé ìdajì àwọn oníbàárà yín padà sílé.

Ní ti eré àwọn ọmọdé, okùn ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Irú okùn tí a fi ń sá aṣọ tó, igi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni a ó sì fi gbé e ró. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tàbí akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ fún àwọn òbí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀yìn okùn ni ààyè wọn. Pé wọ́n lè pàtẹ́wọ́, wọ́n lè kígbe orúkọ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n bí èébú bá jáde lẹ́nu òbí kan, rẹfirí yóò dá eré dúró títí onítọ̀hún yóò fi kúrò ní pápá. Kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó sọ ọ́ ketekete, kí àwọn ọmọ náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ ọ́.