Àpò méjì ni owó ẹgbẹ́ aláàánú

Bí ẹgbẹ́ aláàánú bíi Rotary tàbí Lions bá mú ìwé ìkówójọ wá sí ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò nílùú Òrè tàbí Odígbó, ìbéèrè kan ló yẹ kó kọ́kọ́ bi wọ́n: inú àpò wo lowó yìí ń lọ?

Àpò méjì ló yẹ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní. Ọ̀kan wà fún ìnáwó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn gbọ̀ngàn ìpàdé, ìpápánu àtowó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́ wọn l'Amẹ́ríkà. Owó táwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ló ń wọ ibẹ̀. Èkejì ni tará ìlú. Òfin Lions sọ ọ́ gbangba pé owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ará ìlú gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ará ìlú. Kìkì ìnáwó ètò ìkówójọ náà ni wọ́n lè yọ níbẹ̀. Oníṣòwò tó ti fowó ọjà san owó iléèwé ọmọ rí mọ ohun tó fà á.

Àmọ́ dọ́là ló ń dán òfin yìí wò báyìí. Dọ́là 71 ni ọmọ ẹgbẹ́ Rotary kọ̀ọ̀kan ń san fún olú ilé iṣẹ́ lọ́dún 2022 sí 2023. Ó di 82 lọ́dún 2025 sí 2026. Àfikún yẹn kọ́ ló le jù, náírà ni. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Lọ́dún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 20 tó san nǹkan bíi náírà 650,000 tẹ́lẹ̀ yóò wá bi mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ níwọ̀n 1,500 yẹn.

Ẹgbẹ́ tí kò bá san án, wọ́n lè yọ orúkọ ẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni akápò ti máa ń wo owó kànga-dẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, tí yóò ní kí àwọn yá a lò ná. Kò yẹ kó gbọ́ ọ sétí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù keje àti oṣù kìíní, ni ìwé owó náà ń dé. Bí dọ́là bá jẹ́ 1,400, ẹni tó bá ń dá náírà bíi 2,200 lọ́sẹ̀, bí ẹni ń dá àjọ, yóò bá a. Tíyẹn bá ṣì nira, kí wọ́n gé ìpápánu àti aṣọ ẹgbẹ́, kí wọ́n lọ ṣèpàdé ní kíláàsì iléèwé.

Ní ti oníṣòwò tó fẹ́ dáwó, kó gba rìsíìtì tó dárúkọ iṣẹ́ tówó wà fún. Tọ́dún bá parí, kó béèrè èló ló kù nínú àpò ará ìlú. Bí akápò kò bá rí èsì fọ̀, kó má fún wọn lówó mìíràn títí tí yóò fi rí i fọ̀.