Ọdún Ọ̀ṣun Ń Bọ̀, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Ṣọ́ Odò?

 

Bí oṣù Agẹmọ bá ti ń lọ sópin, àwọn tí ó fẹ́ lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo máa ń yà sọ́dọ̀ mi ní Sábó níbí láti gba ìmọ̀ràn. Ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ìyá tí ń tajà nínú ọjà wa náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì fojú kan igbó òrìṣà rí. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí Arugbá yóò jáde ni wọ́n máa ń bi mí, àti irú aṣọ tí ó yẹ kí wọ́n wọ̀. Nísinsìnyí, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Bàbá, omi náà ńkọ́? Ṣé ó ṣeé mu?" (Sábó tiwa yìí, orúkọ tí a yá lọ́wọ́ èdè Hausa ni, "tuntun" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tuntun fi ń ti ibẹ̀ wá.)

Ìdáhùn mi kò lọ́ tìkọ̀: ẹ má mu ún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú, pàápàá bí ó ti jẹ́ pé ẹnu babaláwo ni ó ti jáde. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, kí n sì sọ ohun tí mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá dé Òṣogbo lákòókò ọdún rí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe díẹ̀ fún un. Ọjọ́ méjìlá ni ọdún náà, nínú oṣù Ògún. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Àtaója àti àwọn ìjòyè yóò jáde láti fọ ojú ọ̀nà mọ́. Iná Olójúmẹ́rìndínlógún ń bẹ, àtùpà àtayébáyé tí a ń tàn lálẹ́, tí ọba ń jó yí ká. Ìborí Adé náà ń bẹ, níbi tí wọ́n ti ń kó adé àwọn ọba tí ó ti wàjà jọ láti bọ wọ́n. Ọjọ́ ìkẹyìn ni ti Arugbá. Wúńdíá ni, láti ìdílé ọba. Òun ni yóò ru igbá ẹbọ gbogbo ìlú láti ààfin dé etí odò, aṣọ á bò ó lórí, kò sì gbọdọ̀ kọsẹ̀. Bí ó bá ti ń kọjá, ẹ ó rí àgbàlagbà ọkùnrin tí yóò fi ọwọ́ yí orí ara rẹ̀ ká, tí yóò sì ju ìyọnu rẹ̀ sẹ́yìn Arugbá kí ó lè bá ẹbọ lọ. Nígbà tí wọ́n bá rúbọ sí odò tán, èrò á ya lu omi. Ẹni tí ń wá ọmọ á bù ú, aboyún á bù ú, ẹni tí ó ti Brazil wá á bù ú sínú ìgò kékeré, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹyin.

Ọjà tún ni ọdún náà. Kéègì òfìfo ni ọjà tí ó yá jù lójú ọ̀nà igbó. Iyùn, idẹ, obì àti aṣọ funfun tẹ̀ lé e, pẹ̀lú pátákó ìpolówó àwọn ilé iṣẹ́ ọtí àti ti tẹlifóònù. Mo mọ iye yín tí ó ti kọ̀wé láti bú pátákó wọ̀nyí. Èmi náà kò fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n n kò ní bá ọjà jà. Inú igbó yẹn gan-an ni ọjà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Òṣogbo ná wà, tí ìtàn sọ pé àwọn ẹbọra máa ń bá ènìyàn ná. Ìjà pátákó ti gba àkókò wa jù. Omi ni ó yẹ kí a máa wò.

Ẹ rántí bí ìtàn ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ wá omi dé etí odò, wọ́n ń ṣán igbó kí wọ́n lè tẹ̀dó. Igi kan wó sínú omi, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ odò pé wọ́n ti fọ́ àwọn ìkòkò aró òun. Nínú ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ọ̀ṣun bá ìlú náà sọ, ẹ̀hónú ni: ẹ ti ba ohun tó wà nínú omi mi jẹ́. Kí ni àwọn baba wa sì ṣe? Wọn kò sọ pé òrìṣà ni, kò lè ní ìpalára. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bọ ọ́, wọ́n sì kó kúrò létí odò lọ sí òkè. Májẹ̀mú tí ọdún yìí dúró lé lórí nìyẹn. Nínú rẹ̀ ni èèwọ̀ tí ó ní kí a má pẹja, kí a má dọdẹ nínú igbó ti wá.

Nígbà tí májẹ̀mú náà fẹ́ bàjẹ́ ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, tí wọ́n ń gé igi igbó, tí wọ́n sì ń du ilẹ̀ rẹ̀, Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà dìde pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, Kàsálì Àkàngbé àti Buraimoh Gbàdàmọ́sí. Ère tí wọ́n mọ sínú igbó di odi ààbò. Ní 1965 ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 2005 UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé. Hẹ́kítà 75 ni wọ́n dáàbò bò. Igbó ni wọ́n lè dáàbò bò bẹ́ẹ̀. Odò kò sí lábẹ́ odi kankan. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣẹ̀, àwọn odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ń ya wọ̀ ọ́ kí ó tó dé Òṣogbo rárá.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí ni wúrà wà. Láti ìgbà ìjọba òyìnbó ni wọ́n ti ń wà á, ṣùgbọ́n wíwà tí kò gbàṣẹ ti gbòde láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Àwọn awakùsà ń tú etí odò, wọ́n ń fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀, ẹrẹ̀ ń ṣàn lọ. Àwọn awakùsà bẹ́ẹ̀ a sì máa lo mẹ́kúrì, nítorí pé òun ni ó ń fa ẹ̀ka wúrà wínníwínní mọ́ra. Gbogbo wa ni a rí i bí Ọ̀ṣun ti pọ́n bí omi amọ̀. Ẹgbẹ́ Urban Alert gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kéde pé irin olóró inú rẹ̀ ti kọjá ààlà. Ní 2022, bí ọdún ti ń sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Ẹ má sì gbàgbé Zamfara: ní 2010, òjé tí ó bá òkúta wúrà jáde nílẹ̀ pa ọmọdé tí kò dín ní 400. Ẹ má tan ara yín pé ẹ ó se omi náà. Iná kì í lé òjé kúrò nínú omi.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹja. Oyè ọba Òṣogbo, Àtaója, a-tẹ́wọ́-gba-ẹja ni. Ẹja ni Ọ̀ṣun fi bá ọba àkọ́kọ́ ṣàdéhùn. Ó jáde láti inú omi, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Inú ẹja gan-an ni mẹ́kúrì ń kó jọ sí, díẹ̀díẹ̀, ẹja ńlá ń gbé e mì lára ẹja kékeré, títí yóò fi dé inú abọ́ ènìyàn. Àwọn ará Minamata ní Japan ti mọ èyí. Ọmọ inú ìyá ni ó ń bà jẹ́ jù lọ. Àbí ta ni à ń bẹ̀ fún ọmọ, bí kì í bá ṣe Ọ̀ṣun?

Àwọn àgbà kan sọ fún mi pé omi òrìṣà kì í pa ọmọ òrìṣà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mẹ́kúrì kì í ṣe omi òrìṣà. Omi tútù ni oògùn Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó da májèlé sínú oògùn rẹ̀ ni ó rú èèwọ̀, ẹni tí ó kọ̀ láti mu májèlé náà kò rú nǹkan kan. Ìgbàgbọ́ irú èyí wà ní ilẹ̀ India náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Hindu gbà pé Ganga, ìyá wọn, kò lè dọ̀tí láéláé, bí ìdọ̀tí gbogbo ìlú tilẹ̀ ń ṣàn sínú rẹ̀. Èdè wọn ràn wọ́n lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Hindi fún ohun ọ̀wọ̀, ìyẹn pavitra, òmíràn sì wà fún ohun tí kò ní ìdọ̀tí, ìyẹn saaf. Ohun kan lè jẹ́ èkíní láì jẹ́ èkejì. Èdè Yorùbá kò fún wa ní irú ọ̀nà àbáyọ bẹ́ẹ̀. "Mímọ́" kan ṣoṣo ni a ní. Aṣọ tí a fọ̀ mọ́, omi tí ó mọ́, inú tí ó mọ́: ọ̀rọ̀ kan náà ni, kódà àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì kò rí òmíràn lò. Ní èdè tiwa, omi tí ó ní òjé nínú kò lè jẹ́ omi mímọ́.

Ní Varanasi, ọkùnrin kan wà tí mo máa ń rò ó lọ́kàn nígbà tí mo bá jókòó nídìí ọpọ́n lówùúrọ̀ kí n tó lọ kọ́ni. Veer Bhadra Mishra ni orúkọ rẹ̀. Ó kú ní 2013. Òun ni olórí àlùfáà tẹ́ḿpìlì Sankat Mochan tí wọ́n ti ń bọ Hanuman, tí àwọn olórin máa ń péjọ sí lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ òru. Òun kan náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ omi ní Banaras Hindu University. Ó ń wẹ̀ nínú Ganga gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti là á sílẹ̀. Ní 1982 ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti gba odò náà là, wọ́n sì kọ́ yàrá àyẹ̀wò létí omi níbẹ̀. Kò dúró de ìjọba kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú omi ìyá rẹ̀. Ganga kò tíì mọ́ títí di òní, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn olùbọ rẹ̀ kò mọ̀.

Àwa ńkọ́? Ẹgbẹ́ wa ní onímọ̀ kẹ́mísírì, ó ní agbẹjọ́rò, ó ní àwọn ọmọ Sábó tí ó lè fi ẹ̀rọ kékeré gba ìṣirò omi lóṣooṣù kí wọ́n sì gbé e sójú tayé. Owó tí a ń ná sórí ankara ọdún kan ṣoṣo yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kí ará Èkó má sì sọ pé ọ̀rọ̀ Òṣogbo ni: odò yìí ni wọ́n sé ní Asẹ́jìrẹ́ tí Ìbàdàn fi ń mu omi, ọ̀sà Lekki ni ó ń wọ̀ nígbẹ̀yìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí a ti ń ra ẹja.

Ẹni tí ó bá ń lọ lọ́dún yìí, kí ó gbé omi mímu tirẹ̀ dání. Kí ó kúnlẹ̀ létí odò, kí ó fi ìka kan omi, kí ó fi kan iwájú orí rẹ̀, kí ó tọrọ ohun tí ó fẹ́. Ìyá tí ó bá fẹ́ omi àdúrà fún ọmọ, kí ó gbé omi tí ó dára láti ilé wá, kí àwọn Ìyá Ọ̀ṣun súre sí i. Ní ọjọ́ kejì tí Arugbá bá jáde, èmi yóò gba ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ìgèdè, láti wo ibi tí odò náà ti ń pọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó wá bàtà ẹrẹ̀.