Kí A Júwe Ọ̀nà, Kí A Má Gbé Ni Débẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù ló gbà pé ìtìjú ni kí ènìyàn béèrè nígbà tí ibi tó bá eré dé bá dojú rú. Àwọn mìíràn, ní tiwọn, kì í fara dà á fún ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n tó wá fídíò tí yóò fi gbogbo ìdáhùn hàn wọ́n. Ìhà méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó. Ìrànlọ́wọ́ jẹ́ ara eré láti ìpìlẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ló yẹ kí a máa jiyàn lé lórí.

Ẹ wo The Legend of Zelda, tí ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Jàpáànù lọ́dún 1986. Ihò wà lẹ́yìn àpáta tí kò ní àmì kankan, àfi kí ènìyàn fi bọ́ǹbù fọ́ ọ. Àtẹ̀gùn wà lábẹ́ igi, àfi kí a dáná sun igi náà. Baba arúgbó kan nínú eré sọ ọ́ lówe pé àṣírí wà níbi tí iwin kì í gbé. Ẹni tó bá rántí pé àwọn adágún kan wà tí iwin ti ń wo ọgbẹ́ sàn yóò wá adágún tí kò ní iwin, yóò fun fèrè níbẹ̀, omi yóò sì gbẹ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò dá ìyẹn rò. Shigeru Miyamoto, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe géèmù náà, ti sọ pé òun fẹ́ kí àwọn tó ń gbá a máa bi ara wọn léèrè ohun tó kàn láti ṣe. Ìbéèrè kì í ṣe àbùkù eré náà. Wọ́n dìídì fi àyè sílẹ̀ fún un ni.

Òwò kò pẹ́ dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, Nintendo gba àwọn olùdámọ̀ràn tí ń dáhùn lórí tẹlifóònù, ó sì dá ìwé ìròyìn Nintendo Power sílẹ̀ lọ́dún 1988. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ta ìwé ìtọ́sọ́nà, àwọn kan sì ń gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ó yẹ kí ènìyàn fura nígbà tó bá jẹ́ pé ẹni tó ta okùn ní kókó náà ló ń ta ọ̀bẹ.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n gidi wà nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé wọ̀nyẹn. InvisiClues ni orúkọ rẹ̀. Ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 fún àwọn géèmù ilé-iṣẹ́ Infocom. Géèmù bíi Zork kò ní àwòrán rárá. Ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ròyìn, ọ̀rọ̀ náà ni ẹni tó ń gbá a fi ń fèsì. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà yìí, ìbéèrè nìkan ni ojú ń rí. Tàdáwà aláìfarahàn ni wọ́n fi tẹ ìdáhùn, àfi tí òǹkàwé bá fi kálámù pàtàkì kan kùn ún ni yóò hàn. Ìdáhùn náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan: àkọ́kọ́ á kàn ṣẹ́jú sí ènìyàn, èyí tó tẹ̀ lé e á nàka, ìkẹyìn ni yóò tú àṣírí pátá. Wọ́n tilẹ̀ fi àwọn ìbéèrè ayédèrú há a láàárín, nípa ohun tí kò sí nínú eré rárá, kí ẹni tó bá ń yọjú wo iwájú má baà ti ara ìbéèrè mọ ohun tó ń bọ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ àlọ́ àpamọ̀. Bí a bá pa àlọ́ awẹ́ obì kan tí a jẹ títí dé Ọ̀yọ́, tí ọmọdé kò sì rí i já, àgbà lè bi í pé kí ni ń bẹ lẹ́nu tí a kì í gbé mì. Ọmọ náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ahọ́n ni. Òun ló já àlọ́ náà. Ká ní àgbà ti là á fún un ni, ìdáhùn ì bá yé e, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ oníṣòwò, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n fídíò kì í ṣẹ́jú síni; gbogbo rẹ̀ ló ń tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan yóò ní eré ni eré ń jẹ́, kí olúkúlùkù gbá a bó ṣe wù ú. Òótọ́ ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, tàbí tí iṣẹ́ kò fún láyè, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè làálàá. Nínú New Super Mario Bros. Wii ti ọdún 2009, bí ènìyàn bá kú lẹ́ẹ̀mẹjọ ní ipele kan, eré náà á yọ̀ǹda láti gbá ipele ọ̀hún fún un. Síbẹ̀, nígbàkigbà tó bá wù ú lágbedeméjì, ó lè gba eré náà padà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tó ní ilẹ̀kùn àbájáde nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹni tó há má ṣe tijú láti béèrè. Kí ẹni tí a bi náà má sì kánjú tú àpò. Kí ó kọ́kọ́ béèrè pé: “Níbo lo bá a dé? Kí lo ti gbìyànjú?” Lẹ́yìn náà ni kí ó sọ ìwọ̀nba tó tó láti ṣí ojú, kí ó sì dákẹ́.